Ewé Tí Àwẹ̀ró Fi Sílẹ̀ ní Orítá

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó wà lẹ́yìn náà gbọ́. Bí mo bá dé ibi orin, ègbè tiyín kò le. Gbólóhùn kan péré ni: "Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀." Ẹ má jẹ́ kí ó jábọ́ lẹ́nu yín, nítorí òun ni ìtàn yìí dúró lé.

Ààlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó ki ọ̀nà mọ́lẹ̀, ó la oko kọjá, ó la odò kọjá, kò dúró lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni àfi lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró, alárù ìlú Ìlamọ̀.

Ní ayé àtijọ́, ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìlamọ̀. Àwọn ará ìlú náà kò ní ẹṣin. Wọn kò ní odi. Wọn kò ní ìlẹ̀kẹ̀ iyùn. Amọ̀ ni wọ́n ní. Àwọn obìnrin ibẹ̀ a máa fi amọ̀ náà mọ ìkòkò ọbẹ̀, wọ́n a mọ àwo, wọ́n a mọ amù ńlá tí a ń pọn omi sí. Bí o bá fi ìka kan amù Ìlamọ̀, yóò dún gooro bí agogo. Bí o bá bu omi inú rẹ̀ mu lọ́sàn-án gangan, eyín rẹ yóò ta kìjí. Àwọn ará Ìlamọ̀ mọ èyí, wọn kò sì fi bò. Bí ọmọ Ìlamọ̀ bá ń lọ lójú ọ̀nà, ìrìn rẹ̀ lásán yóò ti sọ fún ọ pé ó ti ibì kan wá.

Gbogbo obìnrin ìlú náà ló mọ iṣẹ́ amọ̀. Àwẹ̀ró nìkan ni kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ rẹ̀ wúwo jù. Bí ó bá mọ ìkòkò, á tẹ̀ sí apá kan bí ẹni tó ń gbọ́ òfófó. Ohun tí Ẹlẹ́dàá fún un ni ọrùn. Ọrùn rẹ̀ dúró gbọin bí òpó àárín ilé. Ọdún méje ló ti ń ru ìkòkò Ìlamọ̀ lọ sí ọjà káàkiri. Kò fọ́ ọ̀kan rí. Kò kọsẹ̀ rí. Kò sì sọ ẹrù kalẹ̀ lójú ọ̀nà rí. Ibi tí wọ́n bá ti gbé ẹrù rù ú, ó di ibi tó ń lọ kó tó kúrò lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn a máa wí pé, "Orí Àwẹ̀ró kò mọ ìsọ̀." Bí wọ́n bá sì wí bẹ́ẹ̀, inú Àwẹ̀ró a máa dùn dọ́kàn.

Ní ọdún kan, Ọlọ́jàádé, ọba ìlú Ọjàádé, dá ọjà tuntun sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ìlú méjì tó mọ ìkòkò jù: Ìlamọ̀ àti Ìpọnrìn. Ó ní, "Kí ìlú kọ̀ọ̀kan mọ amù kan. Kí alárù kan ṣoṣo rù ú wá lọ́jọ́ tí a óò ṣí ọjà. Amù tó bá kọ́kọ́ wọlé láìsán, kí oòrùn tó wọ̀, ìlú rẹ̀ ni yóò máa pàtẹ sí ẹnu ọ̀nà ọjà títí ayé. Ìlú kejì yóò wá àyè sí ẹ̀yìn, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́."

Inú bí àwọn ará Ìlamọ̀. "Àwa? Lẹ́bàá ewúrẹ́?"

Wọ́n gbé iṣẹ́ amù náà fún Ìyá Ẹfúntádé. Òun ló dàgbà jù nínú àwọn amọ̀kòkò. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ríran. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta po amọ̀. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta mọ ọ́n. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta dúró ti iná. Nígbà tó fẹ́ parí rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn amù náà yí po, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, bí ẹni ń tẹ èdìdì. Ó ní, "Amù ńlá tí ọwọ́ mi yóò mọ kẹ́yìn nìyí. N kò ní òmíràn nínú mọ́."

Ní ìdájí ọjọ́ ọjà, Àwẹ̀ró ká òṣùká sórí. Obìnrin méjì gbé amù náà rù ú. Ìyá Ẹfúntádé di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àwẹ̀ró, ìwọ ni ẹsẹ̀ wa. O kò rìn dé Ọjàádé rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ewé ni yóò júwe rẹ̀ fún ọ. Ní gbogbo orítá, ẹni tó ṣíwájú rẹ ti fi ewé dí ọ̀nà tí kò yẹ kí o gbà. Má gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé tí o bá rí tó ti rọ, já òmíràn, fi rọ́pò rẹ̀. Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

"Gbólóhùn wo ni mo fi parí rẹ̀?"

"Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀, Ìyá." Ẹ̀rín ń pa Àwẹ̀ró. Ta ni kò mọ ìyẹn? Àtikékeré ni wọ́n ti ń fi kọ́ ọmọ ní Ìlamọ̀.

Ó bọ́ sọ́nà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Oòrùn yọ, ó bá a ní orítá àkọ́kọ́. Òkìtì ọ̀gán ńlá kan wà níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni ọ̀nà Ìpọnrìn ti wá pàdé ọ̀nà Ìlamọ̀. Àwẹ̀ró rí ẹ̀ka ewé láti ọ̀ọ́kán. Ó dí ọ̀nà kan. Ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró yà sí ọ̀nà kejì fúnra rẹ̀. Bó ṣe fẹ́ kọjá, ó gbọ́ ohùn láti ilẹ̀, ohùn tó ń fà bí okùn:

Lílé: Àwẹ̀ró, ewé ti rọ lórítá.
Ègbè: Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀.
Lílé: Ẹni iwájú ló já a fún ọ.
Ègbè: Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀.
Lílé: Ọ̀nà kò pin síbi ẹsẹ̀ rẹ.
Ègbè: Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀.

Àwẹ̀ró dúró. Kò lè wo ilẹ̀, nítorí amù. "Ta nìyẹn?"

"Èmi Ìgbín ni. Mò ń jẹun lórí ewé yìí. Ó ti gbẹ jù, kò dùn mọ́. Afẹ́fẹ́ kékeré kan báyìí, ó lọ nìyẹn. Pààrọ̀ rẹ̀."

"Ẹni tó ru amù kì í bẹ̀rẹ̀," ni Àwẹ̀ró wí. "Bí mo bá sọ̀ ọ́, ta ni yóò gbé e rù mí? Kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn pààrọ̀ rẹ̀."

Ìgbín ní, "Ohun tí ẹni tó kọjá lánàá wí gan-an nìyẹn."

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Ó dé orítá kejì. Ewé wà níbẹ̀ náà. Ó ti pọ́n, etí rẹ̀ ti ká. Alángbá kan wà lára igi, ó ń mi orí. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ewé ti rọ o."

Àwẹ̀ró ní, "Ìwọ tí o ń mi orí láti ìgbà tí wọ́n ti bí ọ, ǹjẹ́ o ti ru nǹkan rí?"

Alángbá ní, "Kò sẹ́ni tó gbé e fún mi. Wọ́n ní màá dà á nù."

Àwẹ̀ró tún rẹ́rìn-ín, ó lọ. Amù dúró gbọin lórí rẹ̀. Ó ń ro bí wọn yóò ti máa yìn ín. Ó ń ro bí Ìpọnrìn yóò ti máa pàtẹ láàárín ewúrẹ́.

Ó dé orítá kẹta. Ó wá ewé. Kò rí ewé. Ó dúró, ó wo ọ̀nà méjèèjì. Ọ̀kan gbòòrò, ọ̀kan tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹni tó kọjá níbẹ̀ gbẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ ti ru nǹkan tí kò jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀.

Àwẹ̀ró ní, "Ọ̀nà ọjà kì í há." Ó gba èyí tó gbòòrò.

Ó rìn. Ọ̀nà náà sọ̀ kalẹ̀ sí àbàtà. Ó rìn. Ọ̀nà náà tún gòkè. Ó rìn, ọ̀nà di ipa ẹran, koríko ń gbá a lórúnkún. Oòrùn dé àtàrí, ó kọjá àtàrí. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méje, ọrùn Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Nígbẹ̀yìn, ó yọ láti inú koríko sí gbangba kan, ó rí òkìtì ọ̀gán níwájú rẹ̀.

"Ibo nìyí?"

Ìgbín dáhùn láti ilẹ̀. "O kú ìrìn o, Àwẹ̀ró. Orítá ọ̀gán ni. O kọjá níbí láàárọ̀."

Àwẹ̀ró rọra yí ká. Ó wo ọ̀nà ilé àti ọ̀nà Ìpọnrìn, ó mọ ìwọ̀nyí. Ó wo ọ̀nà méjì yòókù, wọ́n rí bákan náà. Èwo ló gbà láàárọ̀? Kò rántí. Láàárọ̀, kì í ṣe òun ló yàn. Ewé ló yàn fún un, ó kàn gbé ẹsẹ̀ ni.

"Ìgbín, ewé àárọ̀ dà?"

"Afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Mo sọ fún ọ."

"Jọ̀ọ́, ọ̀nà wo ló dí?"

Ìgbín ní, "Èmi kì í lọ ọjà, n kò mọ orúkọ ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ibi tí mo bá gbà, mo máa ń fi àmì sílẹ̀. Láti orí ewé yẹn ni mo ti rìn wá síbí. Ilẹ̀ ni àmì mi wà. Wò ó fúnra rẹ." Ó sì tún gbé orin rẹ̀:

Lílé: Àwẹ̀ró, ohun tí ò ń wá wà nílẹ̀.
Ègbè: Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀.
Lílé: Ojú tó wà lókè kò lè rí i.
Ègbè: Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀.
Lílé: Sọ̀ kalẹ̀, kí o wo ẹsẹ̀ ọ̀nà.
Ègbè: Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀.

Kí ni Àwẹ̀ró yóò ṣe? Bí kò bá bẹ̀rẹ̀, kò ní rí ọ̀nà. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀, amù yóò dé ilẹ̀, ọwọ́ kan kì í sì í gbé ẹrù dórí. Orí tí kò mọ ìsọ̀! Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Ó kúnlẹ̀ ẹsẹ̀ kejì. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba amù mọ́ra, ó rọra gbé e sórí koríko bí ẹni ń tẹ́ ọmọ.

Ó wo ilẹ̀. Lóòótọ́, ìlà funfun kan ń dán lórí iyẹ̀pẹ̀. Láti ẹsẹ̀ ọ̀gán ló ti bẹ̀rẹ̀, ó wọ́ lọ títí dé ẹnu ọ̀nà apá òsì. Ibẹ̀ ni ewé wà láàárọ̀. Ọ̀nà apá òsì ni kò dára. Ọ̀nà apá ọ̀tún ló lọ sí Ọjàádé.

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Àmọ́ bí ó ti mí tán, ó gbọ́ ẹnì kan tó ń súfèé láti ọ̀nà Ìpọnrìn. Ó mọ ìfé náà. Àyọ̀ká ni, alárù Ìpọnrìn. Ìpọnrìn jìnnà ju Ìlamọ̀ lọ, òun ló jẹ́ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Èrò kan wọ ọkàn Àwẹ̀ró wá. Bí òun kò bá fi ewé sílẹ̀ ńkọ́? Èrò kejì tẹ̀lé e: bí òun bá fi ewé dí ọ̀nà rere ńkọ́? Àyọ̀ká yóò yà sí òsì. Yóò ṣìnà bí òun náà ti ṣìnà. Kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ojú rẹ̀ ṣèèṣì bọ́ sára amù. Ó rí àmì àtàǹpàkò Ìyá Ẹfúntádé yí ọrùn rẹ̀ ká. Obìnrin arúgbó náà kò mọ ẹni tí yóò mu omi nínú rẹ̀. Síbẹ̀ ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kò fi ọ̀kan ṣe àbọ̀.

Àwẹ̀ró dìde. Ó já ẹ̀ka ewé tútù. Ó fi dí ọ̀nà apá òsì. Ó jókòó ti amù rẹ̀, ó sì gbé orin:

Lílé: Mo sọ̀ o, orí mi ti mọ ìsọ̀.
Ègbè: Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀.
Lílé: Mo já tútù, mo fi rọ́pò gbígbẹ.
Ègbè: Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀.
Lílé: Ìbáà ṣọ̀tá, kó bá ọ̀nà nílẹ̀.
Ègbè: Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀.

Àyọ̀ká yọ, amù Ìpọnrìn lórí rẹ̀. Ó rí Àwẹ̀ró, ìfé gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

"Háà! Àwẹ̀ró ọmọ Ìlamọ̀! Kí ni amù ń ṣe nílẹ̀?"

"Ó ń sinmi."

"Amù ń sinmi, àbí orí tí kò mọ ìsọ̀ ló ń sinmi?"

"Bú mi dáadáa, Àyọ̀ká. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín títí amù rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ó wo ewé. Ó tutù, oje ṣì ń kán lára rẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ìwọ lo fi ewé yìí síbí?"

"Èmi ni."

"O mọ̀ pé èmi ló ń bọ̀?"

"Mo gbọ́ ìfé rẹ. Kò sí ẹlòmíràn tó ń súfèé burúkú bẹ́ẹ̀."

Àyọ̀ká ṣíjú wo oòrùn. Oòrùn ń lọ. Ọ̀nà Ọjàádé là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ní ẹ̀kẹta, ó yí padà.

"N kò lè sọ tèmi o. Bí mo bá sọ̀ ọ́, ta ni yóò ṣẹ́ kù tí yóò gbé ti ẹni ìkẹyìn? Ọwọ́ kan ni mo ní fún ọ. Ọwọ́ kejì wà lára amù ìlú mi."

"Ọwọ́ kan tó. Méjì wà lọ́dọ̀ mi."

Àyọ̀ká rọra kúnlẹ̀, amù lórí, ọrùn rẹ̀ le bí irin. Bí amù rẹ̀ bá yẹ̀ báyìí, iṣẹ́ gbogbo Ìpọnrìn ti fọ́. Ọwọ́ mẹ́ta di amù Ìlamọ̀ mú. Wọ́n gbé e dé orúnkún, wọ́n mí. Wọ́n gbé e dé àyà, wọ́n mí. Wọ́n gbé e, ó dé orí Àwẹ̀ró, ó jókòó sínú òṣùká. Amù méjèèjì kò kan ara wọn.

Ìgbín ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o."

Wọ́n jọ lọ, Àyọ̀ká níwájú, Àwẹ̀ró lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé orítá kejì, Àyọ̀ká rí ewé tó ti rọ. Kò tilẹ̀ dúró pẹ́. Ó na ọwọ́ sókè, ó ya ẹ̀ka kan lára igi, ó jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tì í sáàyè rẹ̀. Ó tán.

Àwẹ̀ró la ẹnu. "Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn?"

"Báwo ni ẹ ṣe ń ṣe é ní Ìlamọ̀?"

Alángbá wo àwọn méjèèjì, ó mi orí.

Wọ́n dé orítá kẹta. Kò sí ewé. Àyọ̀ká kò mọ̀ ọ́n. Ó gbé ẹsẹ̀ sí ọ̀nà tó gbòòrò.

Àwẹ̀ró pariwo, "Kúrò níbẹ̀! Mo ti gbà á. Àbàtà ló lọ, yóò sì dá ọ padà sọ́dọ̀ ìgbín. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni ká gbà." Ó na ọwọ́ sókè, ó ya ẹ̀ka ewé, ó fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́nu ọ̀nà gbòòrò náà. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹlòmíràn láyé tó lè fi ewé sí ibẹ̀ àfi òun, nítorí òun nìkan ló ti ṣìnà gba ibẹ̀.

Oòrùn ti pọ́n nígbà tí wọ́n rí Ọjàádé. Ẹnu ọ̀nà ọjà há. Àyọ̀ká dúró. "Kọjá síwájú, Àwẹ̀ró. Ìwọ lo mú mi dé."

"Bí mo bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ níbí, amù méjèèjì á kọlura. Wọlé, má fi àkókò ṣòfò."

Àyọ̀ká wọlé. Àwẹ̀ró wọlé tẹ̀lé e. Oòrùn wọ̀.

Wọ́n sọ amù kalẹ̀ níwájú Ọlọ́jàádé. Ọba fi ìka kan ti Ìpọnrìn, ó dún. Ó fi ìka kan ti Ìlamọ̀, ó dún gooro. Kò sí èyí tó sán. Àwọn ará Ìpọnrìn tó ti wà lọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ṣùgbọ́n Àyọ̀ká wólẹ̀ lórí eékún méjèèjì.

"Kábíyèsí, ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ wọlé. Ewé Àwẹ̀ró ló mú ẹsẹ̀ náà wá." Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan kúrò.

Ọba na ìka sí amù Ìlamọ̀. Ó ní, "Mo ti sọ̀rọ̀, n kò ní kó o jẹ. Ẹnu ọ̀nà ọjà di ti Ìpọnrìn. Ẹ̀yìn ọjà ni ìpàtẹ Ìlamọ̀. Ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ibi tí amù yìí yóò máa gbé. Ẹ gbé e lọ sí orítá tí gbogbo ọ̀nà ti pàdé kí wọ́n tó dé ọjà. Ẹ pọn omi kún un. Ẹ fi igbá lé e. Kí ẹnikẹ́ni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn mu níbẹ̀, kí ó tó rí ọjà, kí ó tó rí mi."

Ní ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró padà sílé. Ọ̀nà ilé jìn lójú rẹ̀. Ó bá Ìyá Ẹfúntádé níbi tó jókòó sí, lẹ́bàá eérú iná amọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ìyá, a kò gba ẹnu ọ̀nà ọjà. Ìpọnrìn ló gbà á. Ewúrẹ́ ni aládùúgbò wa. Ẹ̀bi mi ni. Mo kọ̀ láti pààrọ̀ ewé."

Ìyá Ẹfúntádé ní, "Amù mi ńkọ́?"

"Ó wà lójú ọ̀nà, Ìyá. Kò sán. Gbogbo arìnrìn-àjò ló ń mu omi nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá mu tán, wọ́n a fọwọ́ pa àmì àtàǹpàkò yẹn, wọ́n a ní, 'Níbo ni wọ́n ti mọ èyí?'"

Obìnrin arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín. Ó rín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Àwẹ̀ró! Ṣé ìpàtẹ ni mo mọ amù fún ni? Omi ni mo mọ ọ́n fún! Dìde nílẹ̀, kí o yan bí ọmọ Ìlamọ̀."

Àwẹ̀ró dìde, ó sì yan.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn tó mu omi lórítá ti ń béèrè ìkòkò Ìlamọ̀. Wọ́n a kọjá ẹnu ọ̀nà ọjà, wọ́n a la àárín ewúrẹ́ lọ rà á. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n sì ti ń ki ọmọ Ìlamọ̀ ní ọmọ afewé-tútù-júwe-ọ̀nà, ọmọ ẹni tó sọ̀ kí ẹlòmíràn lè ríran. Bí arìnrìn-àjò bá dé orítá, tí ó bá ewé tútù níbẹ̀, á ní, "Ọmọ Ìlamọ̀ ti kọjá níbí."

Ìtàn yìí ń kọ́ wa pé ọ̀nà tí a ń rìn, oore ẹni tó ṣíwájú wa ni, gbèsè rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa fún ẹni tí a kò ní rí. Ó ń kọ́ wa pé ẹrù tó níyì jù, ó yẹ ká lè sọ̀ ọ́ ká fi wo ilẹ̀. Ó sì ń kọ́ wa pé ẹni tó ti ṣìnà, tó bá fi ewé síbẹ̀, ìṣìnà rẹ̀ kò já sí asán.

Ibi tí ààlọ́ mi ti sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ nìyí. Bí mo bá purọ́, kí n dé orítá kí n má bá ewé. Ṣùgbọ́n bí òtítọ́ ni mo sọ, ẹ dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹni tó wà lójú ọ̀nà gbọ́:

Ẹni ẹ̀yìn ń bọ̀!